Iyán Tí A Gún Nínú Ewé

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa pa á lówe pé bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, nígbàkígbà tí mo bá sì gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, nítorí ta ni ẹni náà tí yóò ní odó nílé, tí ọmọ odó yóò fara ti ògiri, tí yóò wá lọ já ewé ní ẹ̀yìnkùlé láti gún iyán nínú rẹ̀? Àsọdùn àwọn àgbà ni mo kà á sí, títí di ọjọ́ tí olùkọ́ wa kan tẹ́ ewé ẹ̀wà kan sínú àwo funfun, tí ó gbé òkèlè iyán kan tì í, tí ó kán oògùn kan náà sí àwọn méjèèjì, tí àwọn méjèèjì sì dúdú bí aró lójú gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi òwe náà rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí mo rí i pé kò sí iyán kan tí ọmọ ènìyàn jẹ rí, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di òní, tí kì í ṣe inú ewé ni a ti kọ́kọ́ gún un.

Bí a bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ iyán ní ilẹ̀ Yorùbá, n kò mọ ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe Èjìgbò, Èjìgbò ilé Ògìyán, ìlú tí a kò lè pe orúkọ oyè ọba rẹ̀ kí òórùn iyán má ta sánsán sí ni nímú; nítorí àwọn tí ó mọ ìtàn sọ pé Òrìṣà-jẹ-iyán ni ó di Ògìyán, òrìṣà funfun tí kì í fi iyán ṣeré, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bùràsíìlì gbé orúkọ rẹ̀ kọjá òkun, tí wọ́n ń pè é ní Oxaguian níbẹ̀, tí ọmọ odó kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Ìlú náà wà ní nǹkan bí kìlómítà 40 sí Òṣogbo àti nǹkan bí 30 sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí igbó ti ń dágbére tí ọ̀dàn sì ń kí ni káàbọ̀. Orúkọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, tó ẹ̀rí fún ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ rí. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ti gba ọ̀nà Kodífúà lọ tipẹ́tipẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá jókòó ní ọjà Èjìgbò lè gbọ́ èdè Faransé bí ẹni pé Àbíjàn ni ó wà. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2006, tí wọ́n ń pín ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kiri ìlú, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi fún Èjìgbò. Ẹni tí ó pín in mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ní ọ̀nà oko kan ní agbègbè yìí ni bàbá àgbẹ̀ kan ti bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí dá lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní: “Ọmọ mi, èbù tí mo gbìn kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mi yìí lọ. Iṣu tí mo wú níbẹ̀, ọmọkùnrin mi ni ó rù ú délé tí ó ń mí hẹlẹ. Síbẹ̀ ebè mi kò dín. N kò bu erùpẹ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ ni kò di kòtò. Níbo ni iṣu náà ti rí ara?” Mo dúró, mo ń wo ebè, ebè ń wò mí.

Kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ti béèrè bẹ́ẹ̀ rí ní ibi tí ó jìnnà. Jan Baptist van Helmont, ará ìlú Brussels, wọn erùpẹ̀ gbígbẹ tí ó jẹ́ 200 pọ́n-ùn sínú agbada, ó gbin ọ̀dọ́ igi wílò tí ó wọn pọ́n-ùn 5 sí i, ó sì ń bu omi sí i fún ọdún márùn-ún gbáko. Nígbà tí ó fà á tu, igi náà ti wọn pọ́n-ùn 169 ó lé díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ kò fi ju nǹkan bí áúnsì 2 lọ dín. Ìwé tí ó kọ ọ́ sí jáde ní ọdún 1648, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Èrò rẹ̀ ni pé omi nìkan ni ó di igi, ibẹ̀ ni ó sì ti kọsẹ̀, nítorí ohun tí a kò fi ojú rí ni a kì í kà sí: ó gbàgbé afẹ́fẹ́. Bí a bá sá iṣu títí gbogbo omi ara rẹ̀ fi tán, tí ó ń dún pọ́kọ́pọ́kọ́ bí èlùbọ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa, afẹ́fẹ́ ni ewé ti fà á wá. Èyí tí ilẹ̀ mú wá kò ju ìwọ̀n eérú tí yóò kù nínú ààrò bí a bá sun ún.

Ọ̀nà tí a gbà mọ èyí gùn, n kò ní fi gbogbo rẹ̀ dá yín dúró. Ní ọdún 1771, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Priestley rí i pé afẹ́fẹ́ tí àbẹ́là ti jó nínú rẹ̀ títí ó fi kú tún padà di afẹ́fẹ́ tí àbẹ́là lè jó nínú rẹ̀, bí a bá fi ẹ̀ka ewéko mint sínú rẹ̀ fún ọjọ́ bí mélòó kan. Ní ọdún 1779 ni Jan Ingenhousz, oníṣègùn ará Họ́láńdì, wá fi hàn pé ojú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ewéko ti ń tún afẹ́fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé ibi tí ó tutù yọ̀yọ̀ lára rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe é. Àwa ọmọ àgbẹ̀ ti rí ìdajì ọ̀rọ̀ yìí kí a tó gbọ́ orúkọ Ingenhousz. Ta ni kò tíì gbé odó tí ó ti wó lé koríko fún ọ̀sẹ̀ méjì kúrò nílẹ̀ rí, tí kò bá koríko abẹ́ rẹ̀ ní funfun bálabàla bí ẹni tí àìsàn dè mọ́lẹ̀, tí yóò sì padà tutù bí oòrùn bá ti rí i fún ọjọ́ díẹ̀?

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún iṣẹ́ náà ni photosynthesis. Èmi yóò máa pè é ní ìgúnyán ewé, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n má ṣe bínú sí mi.

Ẹ já ewé ẹ̀gẹ́ kan, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ẹ ó rí ihò kéékèèké tí kò níye, ètè méjì ni ihò kọ̀ọ̀kan ní, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé: ẹnu ewé nìyẹn. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, pàápàá èyí tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù-dáyọ́kísáìdì, tí àwa ènìyàn ń mí síta, tí iná igi ń tú dànù. Omi ní tirẹ̀ ń ti ìdí gòkè bọ̀. Nínú ewé ni àwọn yàrá tí ojú lásán kò lè rí wà, nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìkòkò aró wà, aró tí ó wà nínú wọn ni klorofíìlì, òun ni ó sì ń mú oòrùn bí àwọ̀n ti ń mú ẹja. Nínú àwọn àwọ̀ tí ó para pọ̀ di ìmọ́lẹ̀, pupa àti búlúù ni ó ń jẹ jù. Èyí tí kò bá jẹ tán ni ó ń dà padà sí wa lójú. Nítorí náà, oko tí ó tutù minimini tí à ń yìn, àjẹkù oòrùn ni à ń wò.

Obìnrin méjì ni ó ń gún iyán yìí, ìyálé àti ìyàwó. Ìyálé kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ilẹ̀ bá mọ́. Òun ni ó ń fi agbára oòrùn la omi. Ohun tí ó wúlò fún un nínú omi ni ó ń yọ, ó ń di agbára náà ní ìdì kéékèèké, ó ń gbé e fún ìyàwó, ìyàngbò tí ó sì ń fẹ́ dànù ní ojú fèrèsé ni ọ́síjìn. Ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: èémí tí ọba ń mí lórí ìtẹ́, tí aboyún ń mí lórí ẹní, ìyàngbò tí ewé fẹ́ dànù ni. Ìyàwó kò nílò ìmọ́lẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyálé bá dáwọ́ dúró, ìdì agbára a tán nílẹ̀, òun náà a sì káwọ́ gbera. Òun ni ó ń ṣa kábọ́ọ̀nù-dáyọ́kísáìdì lẹ́yọ lẹ́yọ, tí ó ń so ó mọ́ra, tí ẹyọ mẹ́fà rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ omi mẹ́fà fi ń di ẹyọ ṣúgà kan, tí ẹyọ ọ́síjìn mẹ́fà yóò sì ti jáde lọ. Melvin Calvin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n tọ ipasẹ̀ ìyàwó yìí yàrá dé yàrá, ẹ̀bùn Nobel sì tẹ Calvin lọ́wọ́ nítorí rẹ̀ ní ọdún 1961.

Ọmọ odó tí ìyàwó ń lò ni wọ́n ń pè ní Rubisco, n kò sì lè ṣàì sọ ti inú mi nípa rẹ̀. Ọ̀lẹ ni. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbà bí mẹ́ta ni ó ń lù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn nínú ara ohun abẹ̀mí ń lu ọgọ́rọ̀ọ̀rún àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nítorí ìlọ́ra rẹ̀ ni ewé ṣe ní láti kó o jọ rẹpẹtẹ, bí baálé tí ó mọ̀ pé alágbàṣe òun kò yára, tí ó wá gba ogún dípò méjì, tí ó fi jẹ́ pé bóyá ni purotéènì kan wà lórí ilẹ̀ ayé tí ó pọ̀ tó o.

Ṣúgà tí ó jáde, ewé a jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, a sọ díẹ̀ di sítáàsì pamọ́ de òru, a sì fi ìyókù ránṣẹ́ gba inú ìtàkùn lọ sí abẹ́ ebè, níbi tí yóò ti tún di sítáàsì. Ìyẹn ni iṣu. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa láìka ìwé: nígbà tí iṣu titun bá dé, tí òjò ṣì ń rọ̀ tí ìtàkùn ṣì tutù, àgbẹ̀ a fara balẹ̀ tú ìdí ebè, a gé iṣu ní abẹ́ ọrùn, a dá orí rẹ̀ pẹ̀lú ìtàkùn padà sí àyè rẹ̀, a wọ́ erùpẹ̀ bò ó, a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, orí náà yóò ti ta iṣu kéékèèké mìíràn, èyí tí a ó fi ṣe èbù lọ́dún tí ń bọ̀. Ta ni ó gún ìyẹn? Ewé tí a fi sílẹ̀ lórí igi ni. Àgbẹ̀ tí ó bá fi ìbínú tàbí ìkánjú gé ìtàkùn náà mọ́ iṣu, ó ti gbé odó sọnù.

Ó tó àkókò kí n padà sí àwo funfun olùkọ́ wa. Ó ti fi ewéko ẹ̀wà náà sínú òkùnkùn fún ọjọ́ méjì kí ó lè jẹ ohun tí ó tọ́jú tán. Ó wá fi bébà dúdú bo apá kan ewé rẹ̀, ó gbé e sí oòrùn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ó já ewé náà, ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ó fi sípíríìtì tí ó rì sínú omi gbígbóná fọ aró ara rẹ̀ títí ó fi funfun; kò gbé sípíríìtì sí ojú iná, nítorí iná àti sípíríìtì kì í ṣe ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó kán áyódíìnì sí i. Ibi tí oòrùn kàn dúdú. Ibi tí bébà bò kò yí padà, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí áyódíìnì fúnra rẹ̀. Òkèlè iyán dúdú bákan náà, nítorí sítáàsì kan náà ni. Ọmọ kíláàsì wa kan bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé olùkọ́ ti ba iyán jẹ́, àwa ìyókù kò lè sọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí, kí ni ó ń mú ìgúnyán yìí yá, kí ni ó sì ń mú un falẹ̀? Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ti ewé náà mẹ́ta ni, ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi, ooru sì ni iná tí a kó sí abẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú ààrò bá kúrú, kí ni gíga àwọn méjì tí ó kù yóò ṣe fún ìkòkò? F. F. Blackman, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ó sọ ọ́ di òfin ní ọdún 1905, pé iṣẹ́ tí ó bá gbójú lé ohun púpọ̀, ọwọ́ èyí tí ó wọ́n jù lọ ni àṣẹ ìyára rẹ̀ wà. Ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ òjìji, tí ó ń bu omi sí i, ààrò tí ó ti ga ni ó ń gbé sókè.

Ẹ mú ti ìmọ́lẹ̀. Ní Èjìgbò, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sán tí ó gùn jù lọ àti èyí tí ó kúrú jù lọ nínú ọdún kò tó wákàtí kan, nígbà tí ó jẹ́ pé ní Lọ́ńdọ̀nù ọ̀sán oṣù kẹfà ju wákàtí 16 lọ, ti oṣù kejìlá kò sì tó 8. Gígùn ọjọ́ kò yọ wá lẹ́nu. Ìkùukùu ni ó ń yọ wá lẹ́nu. Láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilẹ̀ tutù tí omi kò wọ́n, ojú ọ̀run a ṣú dẹ̀dẹ̀, oòrùn a máa yọjú bí ìyàwó tuntun. Nígbà tí oòrùn bá sì wá ń ràn wàà ní oṣù kejì àti ìkẹta, omi a ti gbẹ kúrò nínú ilẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Láàárín àìtó méjì yìí ni àgbẹ̀ wa ti ń wá àyè fi ẹsẹ̀ tẹ̀, bí ó bá sì ń yára kọ ebè láti pàdé òjò àkọ́rọ̀, kì í ṣe ìkánjú lásán: ó fẹ́ kí ewé òun ti pọ̀ nílẹ̀ kí ìkùukùu tó gba ojú ọ̀run.

Èyí náà ni ìdí tí a fi ń ri igi fún iṣu. Ìtàkùn tí ó bá ń rá lórí ilẹ̀, ewé rẹ̀ a máa gun ara wọn, èyí tí ó wà lókè a jẹ àjẹyó, ti ìsàlẹ̀ a wà nínú òkùnkùn. Ewé tí ó wà nínú òkùnkùn kì í sì í ṣe aláìríṣẹ́ṣe lásán, ajẹnirun ni, nítorí òun náà ń mí, ó ń jẹ nínú ṣúgà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òógùn wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni oòrùn ọ̀sán gangan pọ̀ ju ohun tí ewé iṣu tàbí ewé ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo lè lò lọ. Kí ó tó dé ìdajì ni ọwọ́ ìyàwó ti kún, tí ewé yóò sì sọ ìyókù di ooru dànù. Ohun tí a ń wá ni kí oòrùn náà pín kárí ewé púpọ̀, igi tí a rì sí ẹ̀gbẹ́ ebè sì ni ó ń bá wa pín in. Nígbà tí mo padà lọ bá bàbá àgbẹ̀ mi tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí, ó gbọ́ mi dópin, ó mi orí, ó ní: “Nítorí náà ni bàbá mi kò fi jẹ́ kí a kọ ebè sábẹ́ igi. A rò pé ẹyẹ ni ó ń sá fún.”

Gbogbo ewéko kọ́ ni ó kórìíra òjìji. Kòkó, tí àwọn ọmọ Èjìgbò bá lọ́pọ̀ yanturu ní Kodífúà, igi abẹ́ igbó ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ewé rẹ̀ a máa yó pẹ̀lú oòrùn díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó nígbà tí ó bá kéré. Ti ẹ̀gẹ́ ni ó ṣe mí ní kàyéfì. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ tí ó wà ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà kọ ìwádìí wọn lórí ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà jáde, wọ́n rí i pé nígbà tí ìkùukùu bá kọjá tí oòrùn sì tún ràn, ẹnu ewé ẹ̀gẹ́ a máa pẹ́ kí ó tó là tán. Kí ó tó là tán, ìkùukùu mìíràn lè ti dé. Ẹ ro ti oṣù keje lórí ilẹ̀ wa, tí oòrùn ń yọ tí ó ń wọ̀ nígbà àìmọye láàárín òwúrọ̀ kan, kí ẹ fi mọ iye gààrí tí ó ń ṣòfò ní ẹnu tí kò tètè là.

Ẹnu yìí kan náà ni wàhálà afẹ́fẹ́ àti omi. Nínú ìwọ̀n 10,000 afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká, kábọ́ọ̀nù-dáyọ́kísáìdì kò ju nǹkan bí 4 lọ, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ayé sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú àti epo, kò tó 3. Láti rí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ gbà, ewé ní láti la ẹnu gbàgbàdà, bí ó bá sì là á, omi ara rẹ̀ a máa gba ibẹ̀ sá lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyọ omi ni ó ń fi ra ẹyọ afẹ́fẹ́ kan. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè àwa ènìyàn ń là, tí eruku aṣálẹ̀ bo ojú oòrùn, tí afẹ́fẹ́ ń fa omi bí aṣọ gbígbẹ, ewé tí ó bá ní làákàyè a pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò ní kú, ṣùgbọ́n kò ní gún iyán. Bí ẹ bá rí àgbàdo tí ó ká ewé rẹ̀ jọ bí ẹní ní ọ̀sán oṣù kẹjọ tí òjò dáwọ́ dúró, ohun tí ó ń ṣe nìyẹn.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí kábọ́ọ̀nù-dáyọ́kísáìdì ti ń pọ̀ sí i, kí àgbẹ̀ máa yọ̀. Òótọ́ ni pé ó ń mú ọwọ́ iṣu àti ẹ̀gẹ́ yá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń mú ayé gbóná, tí ó ń da ìgbà òjò rú, ẹni tí ó bá fún ni ní ààrò kan tí ó yọ méjì lọ kò ṣe wá lóore.

Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú: ipò ìkẹyìn ni àwọn bàbá wa fi àgbàdo sí nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nínú ọ̀rọ̀ ìgúnyán ewé, àgbàdo ni ọ̀gá iṣu. Ẹ rántí ọ̀lẹ mi, Rubisco. Àbùkù rẹ̀ kejì ni pé ojú rẹ̀ kò ríran kedere, bí ooru bá sì ti ń pọ̀, a máa ṣèèṣì mú ọ́síjìn dípò kábọ́ọ̀nù-dáyọ́kísáìdì, iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́ èrè a di gbèsè. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ìrẹsì kò rí oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́kọ́ gba kábọ́ọ̀nù-dáyọ́kísáìdì lálejò, tí ó ń kó o jọ, tí ó wá ń tì í wọ yàrá inú tí Rubisco wà, tí ó fi pọ̀ yí i ká níbẹ̀ débi pé àṣìmú kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. M. D. Hatch àti C. R. Slack ni wọ́n ṣàlàyé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí láti ara ìrèké, ní Ọsirélíà, ní ọdún 1966. Ọkà bàbà ní in, eèsún náà ní in. Àwọn àgbà ní àgbàdo kì í ṣe ènìyàn, ta ní ń rí ọmọ lẹ́yìn eèsún. Ní ti ọmọ bíbí, àgbàdo borí eèsún, ṣùgbọ́n ní ti ìdáná, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni àgbàdo fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ooru tí ó ju ìwọ̀n 30 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí omi tí ó ń ná kò pọ̀ tó ti ẹlòmíràn, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń yangàn láàárín 25 sí 30, tí ọwọ́ wọn sì ń rọ bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó ní tirẹ̀ gbọ́n ju gbogbo wọn lọ: òru ni ó ń la ẹnu, nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù, a kó kábọ́ọ̀nù-dáyọ́kísáìdì pamọ́, bí ilẹ̀ bá mọ́ a pa ẹnu dé, a sì máa gún èyí tí ó kó.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń tàbùkù ilẹ̀. Òṣogbo ni a ń pè ní ìlú aró, gbogbo aláró ibẹ̀ ni ó sì mọ̀ pé láìsí ohun èlò, aró kì í mu aṣọ. Ní àárín ẹyọ klorofíìlì kọ̀ọ̀kan, màgnísíọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni ó jókòó bí ọba, náítírójìn mẹ́rin yí i ká bí ìjòyè. Inú ilẹ̀ ni a ti ń rí ọba, inú ilẹ̀ ni a ti ń rí ìjòyè. Bí ilẹ̀ bá ti ṣá, ewé a pọ́n rúsúrúsú, kò sì sí bí oòrùn ti lè ràn tó, àwọ̀n tí ó ti ya kò ní mú ẹja. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà àti ewé ẹ̀wà tí a tú mọ́ ilẹ̀ wúlò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ewé tí ó pọ́n kọ́ ni ebi ń pa. Èyí tí ó pọ́n tótòòtó, tí ó sì ká kò lára ẹ̀gẹ́, àrùn mosaic ni, tí eṣinṣin funfun kéékèèké ń gbé láti oko dé oko, tí àgbẹ̀ tí ó ń gé igi ẹ̀gẹ́ aláìsàn gbìn sì ń gbé ju eṣinṣin lọ. Ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ti mú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀gẹ́ tí ó ń dènà rẹ̀ jáde.

Kódà bí ohun gbogbo bá pé, kò pọ̀ tí ewé ń mú nínú oòrùn. Nínú agbára oòrùn 100 tí ó bá rọ̀ sórí oko, èyí tí ó pọ̀ jù lọ tí irú iṣu àti ẹ̀gẹ́ lè mú kò ju nǹkan bí 4.6 lọ, ti irú àgbàdo kò ju nǹkan bí 6 lọ, èyí tí a sì ń rí nínú oko gidi kéré sí i púpọ̀. Nínú ìwọ̀nba yìí ni Ògìyán ti jẹ iyán tirẹ̀, nínú rẹ̀ ni gbogbo wa ti ń jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń já ewé ẹ̀gẹ́ fún ewúrẹ́ lójoojúmọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ti ìdí ebè sọ́kàn kí ẹ tó já òmíràn. Ẹ̀yin olùkọ́ Èjìgbò, ti Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti ti gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká, nígbà tí ẹ bá dé orí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má ṣe kọ ọ́ sí ojú pátákó nìkan. Áyódíìnì díẹ̀, ewé ẹ̀wà kan àti òkèlè iyán kan ti tó, ẹ sì sọ fún ọmọ tí yóò gbé iyán wá láti ilé kí ó má ṣe jẹ ẹ́ lọ́nà.